Ọtí Ibojì ní Beltsville

Ẹ súnmọ́ mi, ẹ̀yin ará ilé, ẹni tó bá jókòó jìnnà kì í gbọ́ ìtàn tán. Ìtàn ọtí ni mo gbé wá, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọtí ayọ̀. Èèyàn kan kú nínú rẹ̀, obìnrin kan tí kò mọwọ́ tí kò mẹsẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tìtorí ikú náà ṣẹ̀wọ̀n. Bí ẹ bá bá mi dé ìdí rẹ̀, mo ṣèlérí pé ẹ ó rí bí ọkà tí kò lẹ́nu ṣe jẹ́rìí níwájú àwọn ọ̀mọ̀wé.

Ọ̀sẹ̀ kan géérégé lẹ́yìn tí Halvor Nesset kú ni wọ́n sin ín. Òjò wẹliwẹli ń rọ̀ lọ́jọ́ Sátidé náà, ẹrẹ̀ itẹ́ òkú sì wà ní bàtà gbogbo wọn nígbà tí wọ́n padà sí ilé olóògbé ní Beltsville, nílẹ̀ òyìnbó. Wọ́n tó ọgbọ̀n. Fọláhàn Ọládẹ̀jọ, ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ ọlọ́pàá káúńtì, dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, ó di ọwọ́ sẹ́yìn. Kò bá ẹnikẹ́ni tan níbẹ̀. Bí ikú ilé ò bá pani, tòde ò lè pani. Ìyẹn ló ṣe wá wo ojú àwọn ará ilé.

Ọmọ ilẹ̀ Norway ni Nesset. Ó ti lé lẹ́ni ọgọ́rin ọdún. Nígbà tí agbára ṣì wà, ọkà bálì ló ń ṣèwádìí rẹ̀ fún ìjọba, kò jìnnà sí ilé rẹ̀ yìí. Nígbà tó fẹ̀yìntì, ó fi ọkà sílẹ̀, ó gbá ọ̀rọ̀ mú, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo láti inú èdè ìyá rẹ̀. Ogún ọdún ló fi ń tọpa ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹ̀. Dúróà mẹ́fà ló kún fún káàdì tó kọ nípa rẹ̀.

Aaron, ọmọ àbúrò rẹ̀, dìde láti orí àga olóògbé. Ọkùnrin tó mọ́ tónítóní ni, tíṣà yunifásítì, ìwé rẹ̀ kan sì ń bọ̀ lóde láìpẹ́. Ó gbé ife sókè.

Ó ní, "Gbogbo yín lẹ mọ ọ̀rọ̀ tí ẹ̀gbọ́n bàbá mi fi ayé rẹ̀ wá. *Gravøl*. *Grav* ni ibojì. *Øl* ni ọtí tí a fi ọkà pọn. Ọtí ibojì. Láyé àtijọ́ ní Norway, òkú kò sin tán títí àwọn aládùúgbò fi mu ọtí tí àrólé pọn. Torí náà mi ò ra bíà lónìí. Alẹ́ tí wọ́n pè mí pé ó ti kú ni mo da ọkà bálì sómi. Ọkà tí òun fúnra rẹ̀ gbìn sẹ́yìn ilé yìí ni. Mo jẹ́ kó hù, mo sá a, mo sè é, bí àwọn baba wa ti ń ṣe."

Àwọn obìnrin nu ojú. Wọ́n mu ún.

Ẹnì kan gbé ife lé Fọláhàn lọ́wọ́. Mẹ́tọ́díìsì ni, díákónì ni, ọtí kì í kan ẹnu rẹ̀. Ó sáà gbé e sábẹ́ imú. Òórùn náà gbá a mú, ó sì gbé e lọ sí Awẹ́, sẹ́yìn ilé ìyá bàbá rẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń pọn ṣẹ̀kẹ̀tẹ́. Ó wo inú ife. Ọtí náà mọ́ lójú, ó ń hó díẹ̀díẹ̀. Ọkàn rẹ̀ sọ fún un pé nǹkan kan wà nínú ife yìí tí kò bá ọjọ́ mu. Kò tíì mọ ohun tó jẹ́. Ó rọra gbé e kalẹ̀.

*

Ní ọ́fíìsì, Stephanie, ọ̀gá rẹ̀, ti fáìlì síwájú rẹ̀.

"Oògùn ọkàn tó ń lò náà ló pa á. Ìlọ́po mẹ́rin ló wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Wo àpótí oògùn olójú méje yẹn. Ojú ti Sátidé ti ṣófo. Èyí tó wà lójú ti Sunday jọ oògùn rẹ̀ bí ìbejì, ṣùgbọ́n ó le jù ú lọ. Ta ló ń to àpótí náà?"

"Olùtọ́jú rẹ̀."

"Ta ló fún un lówùúrọ̀ Sátidé?"

"Olùtọ́jú rẹ̀."

"Zoe tó ń gbé ilé kejì rí olùtọ́jú náà tó jáde ní agogo mẹ́jọ alẹ́ Thursday. Ìwé iṣẹ́ rẹ̀ ní agogo márùn-ún ló lọ. Mo bi í lẹ́ẹ̀mejì, agogo márùn-ún náà ló ń sọ."

"Kí ló fẹ́ rí gbà nínú ikú rẹ̀?"

"Mi ò mọ̀. Mo mọ̀ pé ó ń purọ́." Stephanie wò ó. "Aaron ní òun kò wọlé yẹn fún oṣù kan ṣáájú ikú, kò sì sẹ́ni tó rí i. Fọláhàn, mo mọ̀ pé ọmọ ìlú yín ni obìnrin yìí."

"Ìlú wa tóbi, ọ̀gá. Àwọn olè inú rẹ̀ náà kò kéré."

Kò rẹ́rìn-ín. "Mọ́ńdè ni a ó mú un. Bí o bá ní nǹkan kan, mú un wá kó tó dìgbà náà."

*

Yàrá kan ṣoṣo ni Yẹ́misí, olùtọ́jú olóògbé, háyà ní Adelphi, nínú ilé tí òun àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta jọ ń lo kíṣìnnì kan. Àpótí ìrìn-àjò kékeré aláwọ̀ osùn kan wà lórí bẹ́ẹ̀dì, táàgì ṣọ́ọ̀bù ṣì so mọ́ ọn.

Ó kúnlẹ̀ kí Fọláhàn. "Ẹ káàárọ̀, sà."

"Dìde. Ta ló ni àpótí yẹn?"

"Iṣẹ́olúwa ni, sà. Ọmọ mi. Ó pé ọdún mẹ́fà. Ọ̀dọ̀ ìyá mi ní Ìbàdàn ló wà, wọ́n ti fún un ní físà. Ogúnjọ́ oṣù yìí ló yẹ kó wọlé." Ó fọwọ́ pa táàgì náà. "Ọdún mẹ́rin ni mi ò fojú kàn án. Bí wọ́n bá mú mi, ta ni yóò pàdé rẹ̀ ní ẹ́párọ́ọ̀tù? Ta ni wọ́n máa ní ó tiẹ̀ ń bọ̀ wá bá?"

"Jókòó. Mo fẹ́ bi ọ́ ní nǹkan. Bí o bá fún mi ní agogo márùn-ún tí o fún ọ̀gá mi, mo ń lọ, mi ò sì ní padà."

Yẹ́misí jókòó sẹ́nu bẹ́ẹ̀dì. Ó wo ilẹ̀ pẹ́.

"Àbúrò, ẹni bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́."

"Agogo mẹ́jọ ni, sà."

"Kí lò ń ṣe níbẹ̀ títí di agogo mẹ́jọ?"

"Mò ń bá Bàbá kọ̀wé."

Fọláhàn gbé orí sókè.

"Ọwọ́ wọn ti ń gbọ̀n, sà, láti bí oṣù mẹ́rin. Wọn ò lè di bírò mú dáadáa. Àwọn ló ń sọ ọ́, èmi ni mò ń kọ ọ́ sí káàdì. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ́ńsì tó gbà mí síṣẹ́ ní a ò gbọ́dọ̀ ṣe iṣẹ́ mìíràn nílé oníbàárà. Wọ́n lé ẹnì kan lọ torí pé ó bá ìyá kan rán aṣọ. Bí iṣẹ́ yìí bá bọ́, kí ni mo fẹ́ fi tọ́ Iṣẹ́olúwa? Ló jẹ́ kí n máa ní agogo márùn-ún."

"Aaron mọ̀ pé ìwọ lò ń kọ ọ́?"

"Rárá, sà. Bàbá ní kò gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ọwọ́ àwọn ti daṣẹ́ sílẹ̀. Wọ́n ní tó bá mọ̀, á máa dúró de ikú àwọn."

"Kí lẹ kọ ní Thursday?"

"Káàdì kan ṣoṣo. Ṣùgbọ́n ó pẹ́, torí wọ́n ń dákẹ́, wọ́n ń sunkún díẹ̀, wọ́n tún ń padà sórí ọ̀rọ̀."

"Mo ti wo dúróà wọ̀nyẹn. Mi ò rí káàdì Thursday kankan níbẹ̀."

"Mo fi síbẹ̀, sà. Mo fi sí dúróà kejì fúnra mi."

Fọláhàn mí kanlẹ̀. Káàdì ti lọ. Ọ̀rọ̀ ẹnu afurasí nìkan ló kù, kóòtù kì í sì í fi ọ̀rọ̀ ẹnu afurasí ṣe nǹkan kan. Ó ti fẹ́ dìde nígbà tí Yẹ́misí na ọwọ́ sábẹ́ ìrọ̀rí.

"Àmọ́ ó wà nínú jọ́tà mi."

"Jọ́tà wo?"

"Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n, sà. Ní iléèwé wa, ta ló jẹ́ kọ ọ́ sínú ìwé gidi láìkọ́kọ́ kọ ọ́ sí jọ́tà? Tíṣà á nà ẹ́ bí ẹni lu aṣọ òfì. Àwọn ọ̀rọ̀ èdè Bàbá ṣòro láti kọ, mi ò fẹ́ ba káàdì wọn jẹ́. Mo máa ń kọ́kọ́ kọ ọ́ sí jọ́tà, wọ́n á wò ó, wọ́n á fi àmì sí etí rẹ̀, kí n tó dà á kọ."

Ìwé pẹlẹbẹ náà ti ká létí. Ọjọ́ wà lókè ojú ewé kọ̀ọ̀kan, àmì kan tó ń gbọ̀n, tó dà bí ẹsẹ̀ kòkòrò, sì wà lápá òsì. Fọláhàn ka ojú ewé ti Thursday:

*Gravøl. Aaron ti kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé ní ayé àtijọ́, nígbà tí mímí aláìsàn bá ti yí padà ni wọ́n ti ń pọn ọtí ibojì, kó tó kú. Pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹ̀. Lẹ́tà àlùfáà kan ló fi ṣe ẹ̀rí. Mo ti yẹ lẹ́tà náà wò. Ayédèrú ni, Aaron ló sì ṣe é. Nínú gbogbo ohun tí mo rí fún ogún ọdún, òkú ló ń dúró de ọtí. Wọ́n ń gbé òkú sínú òtútù títí ọtí yóò fi jinná. Ọtí kò dúró de òkú rí. Mo ti fún un ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó fúnra rẹ̀ gba ìwé náà padà. Ní Mọ́ńdè, èmi ni n ó kọ̀wé sí àwọn tó fẹ́ tẹ̀ ẹ́.*

"O kọ èyí, o ò sì sọ fún ẹnì kankan?"

"Wọn ò bi mí ní ọ̀rọ̀ ìwé, sà. Oògùn ni wọ́n ń bi mí." Omi bọ́ lójú rẹ̀. "Ọwọ́ mi yìí ni mo fi fún wọn láàárọ̀ Sátidé. Mo gbé omi dání fún wọn. Wọ́n ní ẹ ṣé."

Fọláhàn gba ìwé náà, ó kọ ọjọ́ àti aago sí orí àpò tó fi í sí, ó jáde.

*

Nínú ọkọ̀, ó pe Awẹ́ lórí fóònù. Àbúrò bàbá rẹ̀ obìnrin ló gbé e, Ìyá Ẹniafẹ́, arúgbó tí ẹnu rẹ̀ kò tíì darúgbó.

"Fọláhàn, ṣé kò sí? Àbí ọlọ́pàá ti mú ọ?"

"Èmi ni ọlọ́pàá, Ìyá."

"Ìyẹn kì í dá ọlọ́pàá dúró níbí."

"Ìyá, tí Ìyá Àgbà bá fẹ́ pọn ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ nígbà yẹn, ọjọ́ mélòó ni?"

"Díákónì, ọtí ti wá yá?"

"Ẹ ṣàánú mi, Ìyá. Ọ̀rọ̀ ẹ̀mí èèyàn ni."

Ohùn arúgbó náà yí padà. "Ọjọ́ méjì, àgbàdo wà nínú omi. Lẹ́yìn náà a ó dì í mọ́ ewé títí yóò fi hù. Tí oòrùn bá dára, ọjọ́ márùn-ún. Tí òtútù bá wà, kò kan tiwa, ó di ìgbà tó bá wù ú. A ó sá a fún ọjọ́ méjì. Ìgbà náà ni a ó wá lọ̀ ọ́, tí a ó sè é, tí yóò máa kan. Ìyẹn tún tó ọjọ́ mẹ́ta. O lè sáré gbogbo ìyókù. O ò lè bá ọkà sáré. Ìyá Àgbà máa ń ní wọn kì í fi ẹgba lé èéhù jáde."

"Ó tó, Ìyá."

"Ta ló kú?"

"Arúgbó kan tó fẹ́ràn ọkà."

Ó pa fóònù. Ó jókòó nínú ọkọ̀, òjò ń rọ̀ níta, ó ń fi ìka kà. Méjì, márùn-ún, méjì, mẹ́ta. Ọjọ́ méjìlá. Láti alẹ́ tí wọ́n pe Aaron títí di ìgbà tó gbé ife sókè, ọjọ́ méje. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ọgbọ̀n èèyàn gbọ́ ọ, wọ́n mu ún, kò sẹ́ni tó ka ọjọ́. Àwọn tó ń ra búrẹ́dì nínú ọ̀rá kì í bi ọkà pé ìgbà wo lo hù.

*

Láàárọ̀ Mọ́ńdè, Stephanie kọ́kọ́ gbọn orí. "Mo ti wò ó. Àwọn ará Norway ní ìwúkàrà kan tó máa ń yára, ọjọ́ mẹ́ta ló fi ń ṣe ọtí."

"Ọjọ́ mẹ́ta náà ni mo fún un. Ọ̀rọ̀ ìwúkàrà kọ́, ọ̀rọ̀ ọkà tó hù ni."

"Ó lè ní òun ra èyí tó ti hù tẹ́lẹ̀ lọ́jà."

"Ìyẹn ni mo fẹ́ kọ́kọ́ bi í."

Aaron wá fúnra rẹ̀, kò mú lọ́yà. Ó ní òun wá ràn wọ́n lọ́wọ́ ni. Fọláhàn gbé kọfí síwájú rẹ̀. Fún ìgbà díẹ̀ ó ń bi í ní ọ̀rọ̀ ọtí bí ẹni tí itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀.

"Ọtí ọjọ́ yẹn wú mi lórí. Ìyá bàbá mi náà pọntí. Ọkà tó hù yẹn, mo gbọ́ pé wọ́n ń tà á nínú àpò. Ṣé ẹ ra díẹ̀ kún un?"

Aaron nàró lórí àga. "Hóró kan, mi ò rà. Inú gáréèjì mi ni mo tẹ́ ẹ sí, lórí aṣọ. Ọwọ́ mi ni mo fi ń yí i."

"Alẹ́ Sátidé tí wọ́n pè yín náà ló wọ omi?"

"Alẹ́ náà. Mo sọ ọ́ níwájú gbogbo èèyàn."

"Ẹ sọ ọ́." Fọláhàn fa ìwé kan jáde, ó to àwọn ọjọ́ náà sórí rẹ̀ bí ìyá tó ń to ọkà sójú ọpọ́n. "Ọjọ́ méjì nínú omi. Ó ku márùn-ún. Ọjọ́ márùn-ún kó fi hù, nínú gáréèjì tí òtútù wà. Ó ku òdo. Wọ́n ti ń gbé òkú bọ̀, ọkà yín ṣì tutù, kò tíì gbẹ, kò tíì dé inú ìkòkò. Ṣùgbọ́n ọtí tí mo gbé sábẹ́ imú mọ́, ó ti kan dáadáa. Ó kéré tán, Mọ́ńdè tó ṣáájú ikú ni ọkà yẹn wọ omi. Arúgbó ṣì ń jẹun lọ́jọ́ náà. Ta ló sọ fún yín pé ó fẹ́ kú?"

Aaron ń yí ife kọfí náà, ó ń yí i.

Nígbà tó yá, ó ní, "Òun ló ní kí n bẹ̀rẹ̀. Ó mọ̀ pé òun ń lọ. Bí wọ́n ti ń ṣe é láyé àtijọ́ nìyẹn, wọ́n ń pọn ọ́n kí aláìsàn tó kú. Ó wà nínú ìwé mi."

"Ẹ̀gbọ́n bàbá yín gbà bẹ́ẹ̀?"

"Òun ló kọ́ mi."

"Ó kọ káàdì kan ní Thursday tó sọ ohun mìíràn."

"Kò sí káàdì kankan ní dúróà yẹn."

"Dúróà wo?"

Ife náà dúró. Stephanie, tó jókòó sí igun yàrá, rọra gbé bírò rẹ̀ kalẹ̀.

Fọláhàn ní, "Mi ò dárúkọ dúróà. Òótọ́ lẹ sọ, kò sí níbẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò wọlé fún oṣù kan, báwo ló ṣe mọ̀?"

"Kò lè jẹ́ òun ló kọ ọ́." Ohùn Aaron ti fẹ́lẹ́. "Mo rí ọwọ́ rẹ̀ ní ọjọ́ Jímọ́. Ó ń gbọ̀n débi pé kò lè di síbí mú. Mo rò pé káàdì yẹn ti pẹ́, pé kò sí òmíràn..."

Ó gbọ́ ara rẹ̀.

"Olùtọ́jú rẹ̀ ló ń kọ ọ́ fún un," ni Fọláhàn wí. "Obìnrin tí ẹ fẹ́ gbé ikú náà lé lórí. Káàdì tí ẹ yọ kúrò ní dúróà, àdàkọ rẹ̀ wà lọ́dọ̀ rẹ̀, àmì ọwọ́ arúgbó sì wà létí rẹ̀. Ní ọjọ́ Jímọ́ tí ẹ wọlé náà lẹ pààrọ̀ oògùn ojú méjì yẹn, àbí? Ti Sátidé àti ti Sunday. Kó tó di Mọ́ńdè."

Aaron wo ògiri. "Ẹ ò mọ ohun tí ìwé yẹn jẹ́ fún mi."

"Rárá, mi ò mọ̀ ọ́n."

Kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n ti rí ìyókù oògùn líle náà nínú gáréèjì rẹ̀, lábẹ́ aṣọ tí ó fi tẹ́ ọkà. Èéhù díẹ̀ ṣì lẹ̀ mọ́ aṣọ náà, ó ti gbẹ, ó ti dúdú.

Stephanie bi Fọláhàn lẹ́nu ọ̀nà pé, "Kí ló dé tó fi pọn ọtí ṣáájú ikú? Ṣebí ó lè ra bíà."

Fọláhàn ronú sí i. "Ó parọ́ pé àwọn baba rẹ̀ máa ń pọn ọtí de ẹni tí kò tíì kú. Ó kọ ọ́, ó tún un kọ, títí irọ́ náà fi di àṣà lójú rẹ̀. Nígbà tí tirẹ̀ wá dé, ó tẹ̀ lé e."

*

Ogúnjọ́ oṣù pé. Ẹ̀jẹ́ńsì ti lé Yẹ́misí, nítorí wákàtí mẹ́ta tó fi kọ̀wé ní Thursday. Kò sẹ́ni tó bẹ̀ ẹ́, kò sẹ́ni tó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wọ bọ́ọ̀sì, ó wọ ọkọ̀ ojú irin, ó lọ dúró ní ẹ́párọ́ọ̀tù láti aago méjì fún bàálù tó ń bọ̀ ní mẹ́fà. Ọmọ kan jáde tó ga ju èyí tó fi sílẹ̀ lọ. Ó wo ojú Yẹ́misí, ó wo fọ́tò tí ó mú lọ́wọ́, ó tún wo ojú rẹ̀.

"Ṣé ẹ̀yin ni?"

"Èmi ni."

Ìyá Iṣẹ́olúwa yìí ló sọ ọ́ fún Oyinkán, tí wọ́n jọ ń kọrin nínú ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Glenarden. Oyinkán sọ ọ́ fún mi nígbà tó wá sílé lọ́dún tó kọjá, a jókòó sẹ́yìn ilé, ó ń bá mi ṣa ọkà. Ó ní obìnrin náà kò jù jọ́tà yẹn nù lẹ́yìn tí kóòtù dá a padà. Ojú ewé ìkẹyìn rẹ̀ ṣì ṣófo. Ọjọ́ Mọ́ńdè tí Bàbá kò rí mọ́ nìkan ni wọ́n ti kọ sókè rẹ̀ sílẹ̀.